Wọ́n Tọ́jú Kókó Iṣan Etí, Ó Ṣì Wà Níbẹ̀: Kí Ni Ìtànṣán Wá Ṣe?

Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹbí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìtànṣán tọ́jú kókó iṣan etí ni pé, "Ṣé wọ́n ti yọ ọ́?" Wọn ò yọ ọ́. Ibi tí kókó náà wà láàárọ̀ ló wà nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ náà ló sì ṣeé ṣe kó wà títí ọjọ́ ayé ẹni náà. Ẹni tí wọn ò bá là á yé kó tó gba ìtọ́jú, àyà rẹ̀ á máa já ní gbogbo ìgbà tó bá lọ ya àwòrán. Mo ti rí i pé ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú nípa ìtọ́jú yìí kì í ṣe ìrora, nítorí ìrora rẹ̀ kò tó nǹkan. Àìmọ ohun tó yẹ kí wọ́n máa retí ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí kókó náà fúnra rẹ̀. Iṣan kan wà tó ti inú etí lọ sínú ọpọlọ. Òun ló ń gbé ìró lọ, òun náà ló sì ń sọ fún ọpọlọ bí orí àti ara ṣe dúró. Ẹ̀ka kan wà fún ìgbọ́ràn, ẹ̀ka kejì sì wà fún ìdúró, ìyẹn èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bó bá yíjú padà lójijì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní Schwann ló wé mọ́ iṣan náà yíká. Bí ọ̀kan nínú wọn bá pàdánù jíìnì tó ń kó o níjàánu, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, díẹ̀díẹ̀, títí á fi di kókó. Ara ẹ̀ka ìdúró ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbọ́ràn ló sábà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Vestibular schwannoma ni ẹ óò rí nínú ìwé dókítà. Àwọn mìíràn ṣì ń kọ acoustic neuroma. Àìsàn kan náà ni.

Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kì í tàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ tàbí egungun. Ibi tó wà ló sọ ọ́ di ọ̀ràn. Ihò tóóró kan nínú egungun agbárí ni iṣan etí ń gbà kọjá, inú ihò yẹn náà sì ni iṣan tó ń mú ojú rẹ́rìn-ín, tó ń pa ìpéǹpéjú dé, ń gbà. Bí kókó bá kún ihò náà tán, á yọ sí ìhà ọpọlọ, á sì dojú kọ ìdí ọpọlọ, níbi tí èémí àti lílù ọkàn ti ń gba àṣẹ. Bó bá tóbi gan-an, ó lè dí ọ̀nà omi tó ń ṣàn yí ọpọlọ ká. Kókó tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára bó bá wà ní apá tàbí ní ẹ̀yìn lè di ewu ńlá níbẹ̀ yẹn.

Kì í kánjú hàn. Ẹnì kan á kàn ṣàkíyèsí pé etí òsì lòun ń gbé fóònù sí báyìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀tún ló máa ń gbé e sí tẹ́lẹ̀. Bó bá dán ọ̀tún wò, á gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò ní yé e, bíi pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ki nǹkan bọnu. Etí náà lè máa hó lóru nígbà tí gbogbo ilé bá pa rọ́rọ́. Ẹsẹ̀ lè máa tàsé nínú òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ á ní ìdọ̀tí etí ni, tàbí kí wọ́n ní àgbà ló ń dé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kì í sábà mú etí kan kó fi èkejì sílẹ̀. Etí kan ṣoṣo tó ń di láìnídìí, tàbí tó ń hó láìdáwọ́ dúró, ó tọ́ kí dókítà etí yẹ̀ ẹ́ wò. Àyẹ̀wò ìgbọ́ràn ló máa kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ MRI, pẹ̀lú oògùn gadolinium tí wọ́n ń fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kí kókó lè tàn yọ nínú àwòrán. Ó máa ń fi kókó tí kò ju mìlímítà díẹ̀ lọ hàn.

Àìsàn yìí kò wọ́pọ̀. Lọ́dọọdún, bí ẹnì kan tàbí méjì nínú 100,000 èèyàn ni wọ́n ń rí i lára wọn. Etí kan ló sábà máa ń mú. Bó bá wà ní etí méjèèjì, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àìsàn inú jíìnì tí wọ́n ń pè ní NF2, èyí tó wà lórí kúrómósómù kejìlélógún. Ìtọ́jú tiẹ̀ yàtọ̀, ó sì le jùyẹn lọ. Mi ò ní fi í mọ́ èyí tí mò ń ṣàlàyé níbí.

Kì í ṣe gbogbo kókó ló nílò ìtọ́jú

Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kókó lórí wọn kì í fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n lọ dúró ná. Lójú wọn, dókítà tó sọ bẹ́ẹ̀ kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn gidi ni. Púpọ̀ nínú àwọn kókó yìí kì í dàgbà rárá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń dàgbà, bíi mìlímítà kan sí méjì lọ́dún ni wọ́n sábà máa ń fi kún. Fún kókó kékeré lára ẹni tí kò ní ìnira púpọ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà, wọ́n lè ní kó padà wá ya àwòrán lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà kó máa yà á lọ́dọọdún.

Kókó tó ti tóbi kọjá nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, tó ń ti ìdí ọpọlọ, ó fẹ́ iṣẹ́ abẹ gidi. Dókítà á la agbárí, á sì yọ ọ́ kí ibẹ̀ lè rí àyè mí. Ìtànṣán kò lè ṣe ìyẹn. Ó máa ń gba oṣù tàbí ọdún kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn, ó sì lè kọ́kọ́ mú kókó náà wú. Ìdí ọpọlọ tí nǹkan ti ń fún kò lè dúró dè é.

Ìtọ́jú onítànṣán tí wọ́n ń pè ní radiosurgery jẹ́ ti àwọn tó wà láàárín: kókó kékeré tàbí ìwọ̀nba tó ti fi hàn pé òun ń dàgbà, tàbí tí ẹni tó ni ín kò fẹ́ dúró wò ó mọ́ lẹ́yìn tó ti rò ó dáadáa. Lars Leksell, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ìlú Stockholm, ló gbé èrò náà kalẹ̀ ní 1951. Ó fẹ́ dé ibi tó jinlẹ̀ nínú ọpọlọ láìla orí. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń ṣe é, Gamma Knife (ìyẹn "ọ̀bẹ gamma"), bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Sweden ní 1968, wọ́n sì fi tọ́jú kókó iṣan etí fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1969.

Kò sí ọ̀bẹ kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tòde òní ní 192 orísun cobalt-60, ìyẹn irin tó ń tú ìtànṣán jáde fúnra rẹ̀ (àwọn ti tẹ́lẹ̀ ní 201), gbogbo wọn sì dojú kọ ibì kan ṣoṣo. Ká ní igba èèyàn yí àgbàlá kan ká lóru, tí oníkálukú wọn tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sójú ibì kan náà. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan lójú ọ̀nà tó gbà kọjá, àmọ́ ibi tí gbogbo wọn ti pàdé á mọ́ kedere. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtànṣán yìí. Awọ orí àti ọpọlọ tó wà lójú ọ̀nà ń gba ìwọ̀nba tí kò lè pa wọ́n lára, kókó nìkan ló ń gba gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà tí kì í lo cobalt, bíi CyberKnife, tí John Adler ṣe ní Stanford, ní Amẹ́ríkà. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń ṣe ìtànṣán tiwọn, ṣùgbọ́n èrò kan náà ló wà nídìí wọn.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn ìtọ́jú yìí ni bí wọ́n ṣe dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Gray, tí wọ́n ń kọ ní Gy, ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán. Láwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n ń fún ẹ̀gbẹ́ ìta kókó náà ju 16 Gy lọ. Kókó ń dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú àwọn kan fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn mìíràn sì kú tipiri, wọn ò mọ ìgbà tí nǹkan kàn án mọ́. Àwọn dókítà wá ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ ọ bóyá kókó á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lónìí, 12 sí 13 Gy ni ọ̀pọ̀ ń lò. Nínú 100 èèyàn tó gba ìwọ̀n yìí, ó lé ní 95 tí ojú wọn dúró bó ṣe wà, kókó nǹkan bí 90 sí 95 nínú wọn kò sì ní fẹ́ ìtọ́jú mìíràn. Bí ẹ bá rí ìtàn ẹnì kan tí ojú rẹ̀ bà jẹ́ lẹ́yìn ìtànṣán lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ wo ọdún tó gbà á.

Kí wá ni ìtànṣán ń ṣe fún kókó? Ó ń ba ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́, ìyẹn DNA, débi pé nígbà tí sẹ́ẹ̀lì náà bá fẹ́ pín sí méjì, kò ní lè ṣe é mọ́. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ kókó náà á sì máa dí. Nítorí pé sẹ́ẹ̀lì kókó yìí kì í tètè pín, kì í tètè kú. Ohun tí ìtànṣán gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni agbára àtidàgbà. Òkú ara rẹ̀ lè ṣẹ́ kù síbẹ̀, kó sún kì díẹ̀ tàbí kó má sún kì rárá. Kókó tí kò kúrò lójú kan fún ogún ọdún, ìtọ́jú rẹ̀ ti yọrí.

Ọjọ́ ìtọ́jú

Bó bá jẹ́ ti ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú Gamma Knife, férémù irin kan ni wọ́n sábà máa ń fi dè orí mọ́lẹ̀. Ìdè mẹ́rin ló ní, méjì níwájú orí, méjì lẹ́yìn. Dókítà á kọ́kọ́ fún ojú ibi tí ìdè kọ̀ọ̀kan máa wà ní abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ibẹ̀ kú. Abẹ́rẹ́ yìí ló máa ń dunni jù nínú gbogbo ọjọ́ náà, kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n bá ń fún ìdè náà, orí á dà bí ẹni pé nǹkan wúwo ń tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ló máa ń rọlẹ̀. Férémù yìí ni kì í jẹ́ kí orí mì, kí ìtànṣán má bàa fi ìdajì mìlímítà pàápàá ṣìnà.

Wọ́n á ya MRI. Lẹ́yìn ìyẹn ni dídúró wà, nígbà tí dókítà àti onímọ̀ físíìsì bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń fi àmì sí ààlà kókó náà lára àwòrán kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń wo ibi tí iṣan ojú gbà àti ibi tí kókìlíà wà, ìyẹn ẹ̀yà inú etí tó ń sọ ìró di ìròyìn fún ọpọlọ, kí ìtànṣán má bàa pọ̀ níbẹ̀. Ibí yìí ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Ẹni tó dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ kò ní mọ nǹkan kan lára. Kò gbóná, kò tani. Ó jí sáyé, ó lè máa gbọ́ orin, ó sì lè bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ó lè gba ìdajì wákàtí, ó sì lè ju wákàtí kan lọ. Agbára cobalt ń dín kù sí ìdajì láàárín ọdún márùn-ún àti oṣù díẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ tí cobalt rẹ̀ ti pẹ́ máa ń gba àkókò ju èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ tiẹ̀ lọ, kí ìwọ̀n tí kókó máa gbà lè pé.

Ọ̀pọ̀ ń lọ sílé lọ́jọ́ náà. Orí lè fọ́ wọn, ojú ìdè lè wú díẹ̀. Irun kì í sábà re. Ẹ̀rù kan wà tí mo fẹ́ mú kúrò lọ́kàn àwọn òbí pátápátá: ìtànṣán náà kì í bá èèyàn délé. Bí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́, ó tán. Ìyá lè gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Àwọn ilé ìwòsàn mìíràn máa ń pín ìtọ́jú náà sí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ìbòjú ike tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n ojú ẹni náà ni wọ́n ń lò dípò férémù. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀marùn-ún, 25 Gy lápapọ̀ ló wọ́pọ̀. Ẹ má ṣe rò pé ó ti ju 13 lọ kó sì wá dà bíi pé wọ́n fẹ́ pa yín. Ìtànṣán tí wọ́n pín wẹ́wẹ́ kì í ṣiṣẹ́ lára bí èyí tí wọ́n fún lẹ́ẹ̀kan náà.

Kókó tó wú, etí tó ń di

Nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí ọdún kan àtààbọ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú, àwòrán lè fi hàn pé kókó náà tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Àárín rẹ̀ á ṣókùnkùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì fẹ̀ síta. Òṣìṣẹ́ tó ka àwòrán lè kọ ọ́ pé "ó ti dàgbà", kí ẹni tó ni ín má sì lè sùn lóru ọjọ́ náà. Àmọ́ wíwú ni, kì í ṣe ìdàgbà. Ara ń fèsì sí ohun tí ìtànṣán ṣe. Ó wọ́pọ̀, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta. Ní àkókò yẹn, ojú lè máa fò díẹ̀, ìdúró lè má fìdí múlẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, dókítà sì lè fún un ní oògùn tó ń rẹ wíwú sílẹ̀. Àṣìṣe tó burú ni kí wọ́n sáré gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ abẹ nítorí àwòrán kan ṣoṣo, nígbà tí ara rẹ̀ kò yí padà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà á dúró, wọ́n á tún yà á, wọ́n á fi wé èyí tó ṣáájú. Nítorí náà, ẹ tọ́jú gbogbo àwòrán yín, ti ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá, kí ẹ sì máa gbé wọn dání.

Ọ̀rọ̀ ìgbọ́ràn ló ṣòro jù láti sọ fún èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ wọn ni kí wọ́n gbọ́ ọ. Ìgbọ́ràn tó ti lọ kò ní padà. Ìtọ́jú yìí kò wá dá etí padà. Ẹni tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa nígbà tó gba ìtànṣán, ó ṣeé ṣe kó ṣì máa gbọ́ lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, iye àwọn tó ṣì ń gbọ́ ń dín kù, tó fi jẹ́ pé nígbà tó bá fi máa di ọdún mẹ́wàá, etí ọ̀pọ̀ wọn lápá ibẹ̀ kò wúlò mọ́ fún ọ̀rọ̀ sísọ.

Ṣé ìtànṣán ló wá dí etí náà? Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Kókó tí wọn ò fọwọ́ kàn pàápàá ń ba etí jẹ́. Àwọn dókítà ní Bergen, ní Norway, yẹ èyí wò dáadáa, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023. Wọ́n fi 100 èèyàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kókó lórí wọn sí ẹgbẹ́ méjì: ìdajì gba ìtànṣán lójú ẹsẹ̀, ìdajì ń dúró, àwọn tí kókó wọn bá dàgbà nìkan ló ń gba ìtọ́jú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, kókó àwọn tó gba ìtànṣán lójú ẹsẹ̀ sún kì, ti àwọn tó dúró sì fẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nínú ìgbọ́ràn, ẹgbẹ́ méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Nínú 50 tó dúró, 28 kò nílò ìtọ́jú kankan títí ọdún mẹ́rin fi pé. Lójú tèmi, àyẹ̀wò yìí tú àwọn méjèèjì sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀bi. Ẹni tó tètè tọ́jú kò fi etí rẹ̀ ṣòfò, ẹni tó dúró náà kò sì hùwà òmùgọ̀.

Etí tó bá di, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wà tó lè gbé ìró láti ẹ̀gbẹ́ yẹn lọ sí etí tó dáa. Híhó etí lè máà lọ. Ti ìdúró, eré ìmárale tí wọ́n ń kọ́ni fún un máa ń ranni lọ́wọ́ gan-an, torí ọpọlọ lè kọ́ láti gbára lé ojú, ẹsẹ̀ àti etí kejì. Ẹni tó jókòó sójú kan nítorí ẹ̀rù òòyì ló máa ń pẹ́ jù kó tó bọ́.

Àwọn kan á béèrè bóyá ìtànṣán kò ní sọ kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ di jẹjẹrẹ. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n gan-an, àwọn àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n ti ṣe lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ṣì ní ọ̀pọ̀ ọdún níwájú, àti ẹni tó ní NF2, lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó ti dókítà wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí ju ẹni ọdún àádọ́rin lọ.

Àwọn díẹ̀ wà tí kókó wọn kò gbọ́ràn, tó ń dàgbà lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, tí gbogbo àwòrán sì ń sọ ohun kan náà. Wọ́n lè fún àwọn kan ní ìtànṣán lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn mìíràn á nílò iṣẹ́ abẹ, iṣẹ́ abẹ yìí sì máa ń le ju ti ẹni tí kò gba ìtànṣán rí, nítorí kókó náà lè ti lẹ̀ mọ́ iṣan ojú. Dókítà tó gbọ́n lè mọ̀ọ́mọ̀ fi díẹ̀ lára rẹ̀ sílẹ̀ lórí iṣan náà kí ojú má bàa fà, kó sì máa ṣọ́ ìyókù. Ẹni tó bá bá ara rẹ̀ níbẹ̀, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà náà iye irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ tó ti ṣe fún àwọn tó ti gba ìtànṣán rí, kó sì béèrè bí ojú wọn ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀.